Àyè Ikọ́

Èmi ni mo kọ́ ilé náà. Nítorí náà, bí mo bá ń bínú sí ògiri rẹ̀, ara mi ni mo ń bínú sí.

Ní 1974 ni bàbá wa ní kí n kọ́ ọ, ní Ayétòrò, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìmẹ̀kọ. Bíríkìlà ni mí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Òrùlé kan, yàrá mẹ́wàá. Márùn-ún jẹ́ tèmi, márùn-ún jẹ́ ti àbúrò mi Husain, tó ṣì wà nílé ìwé. Ògiri kan ló pín ilé náà sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tí mo mọ ògiri yẹn débi tó kù díẹ̀ kó kan páànù, bàbá wa ní kí n dúró.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Fi àyè ikọ́ sílẹ̀."

Ohun tí agboolé wa ń pè é nìyẹn. Bí ọmọ ìyá méjì bá ń gbé abẹ́ òrùlé kan, ògiri àárín wọn kì í dé òkè. A máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀, kí ẹni tó wà níhìn-ín lè gbọ́ ikọ́ ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá dí i, ó ti sọ fún ayé pé òun kò ní ọmọ ìyá mọ́.

Mo mọ̀ pé kò dára. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ ọ́ fún mi: iná kì í wá ẹnu ọ̀nà, òkè ló ń wá. Ògiri tí kò bá dé òkè, àtẹ̀gùn iná ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá wa. Ó wò mí títí.

"Ṣé ilé lò ń kọ́ ni, àbí ẹ̀wọ̀n?"

Mo dúró níbẹ̀. A kò fi sílíìnì sí i. Bí o bá nà gbalaja lórí ibùsùn, páànù lo máa rí, àti àyè dúdú lókè ògiri. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo fi gbọ́ ikọ́ Husain.

Ìrẹsì ni Husain ń tà. Láti Kùtọnu ni ó ti ń wá, wọ́n á gbé e gba Ìwòyè wọlé. Yàrá tó kan ògiri ni ó ń kó àpò rẹ̀ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bodè. Ìrẹsì tán. Ọkọ̀ rẹ̀ méjèèjì dúró sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, koríko hù yí táyà wọn ká. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ìjọba tún ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá sún mọ́ bodè. Àwọn ará Ìwòyè kò rí epo fi gun ọ̀kadà. Wọn kò rí epo sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ṣe òfin náà kò gbé Ìwòyè, kò sì jẹ gaàrí ibẹ̀ rí. Husain ní tirẹ̀ rí i pé ọjà ti dé.

Ìyàwó mi Mùínátù ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó ti di ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara, ṣùgbọ́n kò lè dìde láìsí ẹni tó máa gbé e. Èmi ni mò ń gbé e. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

"Bàbá Qúdrát," ni ó pè mí. Qúdrát ni ọmọ wa, ó wà nílé ọkọ ní Abẹ́òkúta. "Ẹ wá gbóòórùn yàrá yìí."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Òórùn náà ń ti òkè ògiri sọ̀ kalẹ̀ bí omi.

Mo jáde. Mo yí lọ sí apá kejì ilé, mo yọjú lójú fèrèsé yàrá ìrẹsì. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùndínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n tò wọ́n bí búlọ́ọ̀kù, ó ga dé ọrùn mi. Husain jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú Rodiat ìyàwó rẹ̀, Rodiat ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí ló wà nínú yàrá yẹn?"

"Ọjà ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọjà wo?"

"Ẹ̀ ń bi mí ní ohun tí imú yín ti sọ fún yín."

"Kó o kúrò."

"Kí n kó o lọ síbo? Sínú oko? Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà ti pọ̀ ju igi oko lọ. Ọkọ̀ kan ló ń rí ọ̀nà kọjá lọ́sẹ̀ kan. Ìyókù gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kó dúró níbòmíì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jẹun. Ìgbà tí ìrẹsì wà níbẹ̀, ṣé ẹ ò bá wa jẹ níbẹ̀ ni?"

"Ìrẹsì kì í gbiná."

"Ẹ ò tíì jẹ èyí tí Rodiat sè nìyẹn."

Rodiat ju ẹ̀wà lù ú, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Husain rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti kékeré. Bí ilé bá ń wó lé e lórí, á rí ohun tó máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo rò ó kí n gbé Mùínátù lọ sí yàrá iwájú. Ṣùgbọ́n abẹ́ páànù kan náà ni. Ibikíbi tí mo bá gbé e sí nínú ilé yẹn, òrùlé kan náà ló máa wà lókè orí rẹ̀. Qúdrát ní kí ó máa bọ̀ ní Abẹ́òkúta. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni Qúdrát ń gbé. Mùínátù ní òun kò ní lọ kú sókè ilé onílé. Àwọn kan á ní kí ló dé tí n kò lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. N kò ní fi ọmọ ìyá mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kí wọ́n má tún bi mí.

Ohun kan ló kù tí mo lè ṣe. Kí n dí àyè ikọ́.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é ní kíákíá, ní ọjọ́ kan, kí ẹbí tó gbọ́. Bọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n ń fi ẹfun abẹ́ ilẹ̀ ṣe. Iná á máa jẹ ẹ́ fún bíi wákàtí kan kó tó là á kọjá. Mo ti lò ó rí nígbà tí mo ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlàrò láti lọ rà á. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣèyífúnmi ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ilé kíkọ́.

"Bàbá, ìyẹn ò sí o. Kùtọnu ni wọ́n ti ń kó o wá. Ẹ lọ bi àwọn tó ti bodè." Ó fa òmíràn yọ, ó funfun, ó fúyẹ́ bí òwú. "Ẹ wo èyí. Bọ́ọ̀dù fóòmù ni. Gbogbo ìlú ló ń rà á báyìí. Omi ò lè bà á jẹ́, ikán ò lè jẹ ẹ́, iná ò lè mú un."

"Iná ò lè mú un?"

"Láéláé, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀. Ẹ bá mi kà á."

Mo mú ìṣáná jáde lápò. Mo ṣá a, mo gbé e sí etí bọ́ọ̀dù náà. Ó súnkì, ó dúdú, ó gbiná. Iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí sìmẹ́ńtì ilẹ̀, tó-tó-tó, èyí tó kán sílẹ̀ ṣì ń jó.

"Bàbá! Bàbá! Ṣé orí yín pé ni? Ẹ fẹ́ sun mí ní ṣọ́ọ̀bù!"

"Ìwọ lo ní kò lè jó."

"Ta ló ń ṣáná sí sílíìnì? Báyìí lẹ ṣe ń ra ọjà nílé yín?"

Mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa. "Àwọn tó ti rà á lọ́wọ́ rẹ ń kọ́? Àwọn tó ní ọmọ tó ń sùn sábẹ́ ẹ̀?"

"Wọn ò bínú sí mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bínú."

Òótọ́ ló sọ. Mo san owó èyí tí mo jó, mo bá tèmi lọ. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ayétòrò.

Nínú ọkọ̀ yẹn ni mo ti rántí ilé bàbá wa àtijọ́ ní Afọn. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. N kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí iná ọyẹ́ mú un. Òrùlé náà jó tán. Ṣùgbọ́n àjà amọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀: wọ́n to igi lórí yàrá, wọ́n da amọ̀ lé e, ó nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tí iná kú tí wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá ìyá wa, wọ́n bá adìyẹ kan tó sàba lábẹ́ ibùsùn. Kò tiẹ̀ dìde lórí ẹyin rẹ̀. A ti pa àjà amọ̀ tì. A ní ti ará oko ni. Èmi náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí búlọ́ọ̀kù ni mo fi ń jẹun.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wú òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé. Kò sí amọ̀ tó dà bíi tirẹ̀. Mo gé koríko wẹ́wẹ́ sí i, mo bu omi lé e, mo ká ṣòkòtò sókè, mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n rò pé ààrò ni mo fẹ́ mọ. Mo gbé àkàbà wọ yàrá Mùínátù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ amọ̀ náà sórí ògiri láti ibẹ̀ lọ, yàrá dé yàrá, ìpele kan lójúmọ́, kí ti ìsàlẹ̀ lè gbẹ kó lè gbé ti òkè. Igi òrùlé mẹ́rin ló gba orí ògiri náà kọjá sọ́dọ̀ Husain. Igi tó bá gba ògiri kọjá, á gbé iná kọjá pẹ̀lú. Mo fi amọ̀ wé wọn ní ìwọ̀n apá kan lọ́dọ̀ wa, mo na ọwọ́ gba àyè tó kù, mo tún fi wé wọn ní ìwọ̀n tí ọwọ́ mi dé lọ́dọ̀ tiwọn.

Mùínátù ń wò mí láti orí ibùsùn.

"Ẹ ti da amọ̀ sí mi lójú."

"Máa bínú."

"Mi ò bínú. Ó ṣáà sàn ju òórùn yẹn lọ."

Lọ́jọ́rú, ó ku nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta nínú yàrá Mùínátù kí n parí láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn. Ọjọ́ náà ni Ìyá Àpèkẹ́ dé. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn àbúrò bàbá wa, òun nìkan ló sì kù nínú wọn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Rodiat ló tẹ̀ ẹ́ láago. Ọ̀kadà ló gùn wá láti Afọn.

"Bàrúwà, sọ̀ kalẹ̀."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n parí ìpele yìí."

"Mo ní sọ̀ kalẹ̀. Ọrùn mi ò gba ìwòkè mọ́."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́.

"Ta ló kú nínú ilé yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá."

"Kí ló wá dé tó o fi ń sin àbúrò rẹ?"

"Bẹntiróòlù ló kún ẹ̀yìn ògiri yìí."

"Bẹntiróòlù ni mo wá bá sọ̀rọ̀? Bàbá rẹ ló fi àyè yẹn sílẹ̀ fún yín."

"Bàbá wa ò mọ̀ pé bẹntiróòlù máa wọ ibẹ̀."

"Ó mọ̀ pé ọmọ máa wà níbẹ̀."

Mùínátù dá sí i. "Ìyá, ẹsẹ̀ ògiri yìí ni mo sùn sí. Mi ò lè sá."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ."

"Àmín. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ká kọ́kọ́ so ràkúnmí mọ́lẹ̀ ná, ká tó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Ìyá Àpèkẹ́ wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. "Àrùn yẹn ò dé ẹnu rẹ rárá."

Ní Alámísì, wọ́n pe ẹbí jọ sábẹ́ máńgòrò. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí. N kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ẹnìkan ní mò ń jowú àbúrò mi. Ẹnìkan ní ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó wọ yàrá ìrẹsì lọ wò ó. Nígbẹ̀yìn, wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí ibì kan. Èmi á fi ihò kan sílẹ̀ níbi tó kù, tí orí ènìyàn lè gbà, kí àyè ikọ́ má bàa parẹ́. Husain á kó gbogbo epo kúrò nínú ilé kí àkókò Jímọ̀ ọjọ́ kejì tó tó.

"Ṣé o gbọ́, Husain?" ni Ìyá Àpèkẹ́ bi í.

"Mo gbọ́. Kí wọ́n tó pèrun lọ́la, ẹ ò ní rí kẹ́ẹ̀gì kan."

"Bàrúwà?"

"Mo gbọ́."

Mo padà wọlé, mo mọ èyí tó kù, mo fi ihò náà sílẹ̀. Mo ṣe é ní róbótó. Mo tún etí rẹ̀ ṣe, nítorí iṣẹ́ mi ni, n kì í ṣe é ní jákujàku.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo gbọ́ ìró ọkọ̀. Mo jáde. Mo rò pé wọ́n wá kó o lọ ni. Wọn ò wá kó o lọ. Dúrọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n ń yí wọlé, tó kún dé ẹnu. Husain ń darí wọn. Nígbà tó rí mi, ó gbé ojú sí ilẹ̀.

"Ọ̀la ni, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà Ìwòyè ò dáa lónìí. Àwọn tí mo bá sọ ọ́ ò lè kọjá. Ọ̀la, mo búra."

Mo wọlé. Amọ̀ ṣì kù nínú garawa, kò tíì le. Mo gun àkàbà.

"Bàbá Qúdrát," ni Mùínátù wí, "ẹ ti ṣèlérí lójú ẹbí."

"Òun náà ṣe é."

"Tí tiẹ̀ bá ti bàjẹ́, ṣé kí tiyín náà bàjẹ́ ni?"

Mo fi amọ̀ dí ihò náà, mo fi ẹ̀ṣẹ́ kì í wọlé, mo tún kì í, títí kò fi sí ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́. N kò ní purọ́. Kì í ṣe nítorí ìyàwó mi nìkan ni mo ṣe ṣe é ní wákàtí yẹn. Inú ló ń bí mi. Mo fẹ́ kó gbójú sókè, kó má rí ihò, kó mọ̀ pé mo ti bínú dé ìdí.

Mo wẹ amọ̀ kúrò lọ́wọ́. Mo gbé omi sí ibi tí ọwọ́ òsì Mùínátù ti lè tó o. Mo lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Mo wà ní ìlà kejì. Lẹ́mọ́ọ̀mù ṣì ń wáàsí. Ìró kan dún láti apá ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ ẹní. Àwọn kan ní táyà ọkọ̀ ló bẹ́. Èmi ti dìde. N kò wá bàtà. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn mí, n kò sáré rí. Mo sáré.

Apá Husain ti di iná. Páànù ń ká lókè bí ewé tó rọ. Kẹ́ẹ̀gì ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan, èéfín dúdú kirimu. Ní apá tèmi, páànù ṣì dúró. Àwọn ènìyàn di mí mú. Mo já ara mi gbà, mo wọlé.

Mùínátù wà lórí ibùsùn. Ó fi ìborùn bo imú. Ògiri ni ó tẹjú mọ́. Ẹfun ara ògiri ń ṣí bọ́ sílẹ̀, ooru rẹ̀ sì ń bà mí lójú láti ẹnu ọ̀nà. Mo wo òkè. Amọ̀ ti sán lójú méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí iná tó yọjú. Ó dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á sí ẹ̀yìn mi bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ.

"Ó pè mí," ni ó sọ sí mi létí.

"Ta ni?"

"Husain. Ó ń lu ògiri. Ó pẹ́ tó ti ń lù ú."

Mo gbé e jáde. Mo gbé e sábẹ́ máńgòrò.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti rí Husain, létí kànga. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti jó dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ náà jó. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí n tó débẹ̀. Ó wá hàn pé ó dúró sílé nígbà tí gbogbo ìlú lọ kírun, ó ń bu epo láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú kẹ́ẹ̀gì nígbà tí kò sí ojú tó máa rí i. Rodiat ti gbé omi sórí èédú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jáde lọ ra iyọ̀. Ó rò pé èédú náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Ọkọ̀ panápaná jìnnà sí wa. Iyẹ̀pẹ̀ ni a ń dà sí i títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Yàrá márùn-ún jó tán. Yàrá márùn-ún kù. Igi òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jó wá láti ọ̀dọ̀ Husain títí dé ibi tí mo fi amọ̀ wé, ó dúró níbẹ̀. Kùkùté dúdú mẹ́rin ló yọ lára ògiri.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹbí tún wá. Abẹ́ máńgòrò náà ni. Rodiat kò kí mi.

"Ó ń pè ọ́," ni Ìyá Àpèkẹ́ wí. "Ọmọ ìyá rẹ ń pè, ó ń lu ògiri. Nítorí irú ọjọ́ yẹn ni a ṣe ń fi í sílẹ̀. O ti dí i."

"Ògiri ló jó ọkọ mi lọ́wọ́," ni Rodiat wí.

"Bẹntiróòlù ló jó o!" Mo dìde. N kì í pariwo. Mo pariwo lọ́jọ́ náà. "Bẹntiróòlù tí gbogbo yín jókòó síbí, tí ẹ ò wọlé lọ wò! Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí. Kí ló ń ṣe nídìí ògiri? Ṣé inú ihò tí orí nìkan lè gbà ló fẹ́ gbà jáde ni?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ yẹn náà ló ń bí mi nínú. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀kọ tí Mùínátù ní kí n gbé dání, mo lọ bá a ní ilé ìwòsàn.

Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó tóbi bí orí ọmọ. Ikùn ni ó fi dùbúlẹ̀. Ó yí ojú sí mi.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

"N kò jókòó. Kí lò ń ṣe nídìí ògiri?"

"Mò ń pe Ìyá Qúdrát."

"Kó wá ṣe kí ni? Kó dìde wá gbé ọ?"

"Kó pariwo." Ó sinmi díẹ̀, ó mí. "Kí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà lè gbọ́, kí wọ́n wọlé wá gbé e. Mo mọ̀ pé ẹ ò sí nílé. Mo rò pé iná máa gba ihò yẹn kọjá sí i. Mo gun àwọn kẹ́ẹ̀gì, mò ń fọwọ́ wá ihò náà kí n lè pè é níbẹ̀. Mi ò rí i. Mo rò pé èéfín ni kò jẹ́ kí n rí i. Mo wá ń lu gbogbo ibẹ̀."

Mo jókòó.

Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó wo omi tí wọ́n fà sí i lẹ́sẹ̀, ó jáde.

"Èmi ni mo dí i," ni mo wí. "Láàárọ̀ ọjọ́ náà."

"Rodiat ti sọ fún mi." Lẹ́yìn náà ó bi mí, "Ṣé iná kọjá?"

"Kò kọjá."

"Ó dáa nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú ju gbogbo ohun tó ti ṣe lọ. Ó dáa! Mo fẹ́ gbá a létí. Mo wò ó látòkè délẹ̀, n kò rí ibi tí mo lè gbá tí kò ní báńdéèjì.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ fẹ́ tún apá tèmi kọ́."

"Ta ló tún máa kọ́ ọ?"

"Ṣé ẹ máa fi àyè ikọ́ sílẹ̀?"

"Rárá. Ògiri á dé páànù."

"Ìyá Àpèkẹ́ á bínú."

"Kó bínú. Ilẹ̀kùn ni mo máa fi sí i nísàlẹ̀. Irin, tó nípọn, tó máa ń pa ara rẹ̀ dé. Ẹni tó bá ń wúkọ́ lè wá kanlẹ̀kùn."

Ó rò ó. "Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń kọ́? Ọ̀dọ̀ ta ló máa wà?"

"Kò ní ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá gbóòórùn epo níbẹ̀, màá fi búlọ́ọ̀kù dí i pa. Màá sì rí i dájú pé ìta lo wà kí n tó dí i."

"Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi gbé epo, Ẹ̀gbọ́n?"

Ó gbé báńdéèjì méjèèjì sókè díẹ̀ kí n rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì lè gbá a lẹ́yìn nítorí ẹ̀yìn náà ti jó.

N kò bá a rẹ́rìn-ín. Mo ṣí abọ́ ẹ̀kọ. Mo bu ṣíbí kan.

"Yanu," ni mo wí.